Àwàdà nínú Ìtàn Ìrìn-àjò Inú Igbó

Ìtàn akọni tó wọ igbó iwin, tó ń bá ẹ̀dá abàmì jà, tó sì ń pa olùgbọ́ lẹ́rìn-ín, ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Kí ìwé tó dé, ẹnu apàlọ́ ló wà. Ìjàpá a máa kojú ẹranko tó jù ú lọ fíìfíì, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni yóò sì fi bọ́. Ní ilẹ̀ Kétu, lẹ́nu ààlà Nàìjíríà àti Benin, ẹ̀fẹ̀ ní òru tirẹ̀. Kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ojúmọmọ tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á ti jáde lóru, á júbà àwọn ìyá wa, á sì máa fi oníwà burúkú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú orin. Orí ère tí àwọn oníjó ń gbé sì máa ń ní ẹranko tó ń jà, ọ̀kadà tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, àmọ́ àṣà náà ń bá a lọ ní apá méjèèjì.

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀, ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, àwọn akọni mìíràn sì bá a lọ, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Kàkó ló ni kùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dòye ló ni ọgbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ló ni orin, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko. Fágúnwà kì í kánjú lórí ẹ̀dá burúkú. Ó ń ka ojú mẹ́rìndínlógún Àgbákò fún òǹkàwé, ó ń to èérí ara Ẹ̀gbin lẹ́sẹẹsẹ, títí ẹ̀rù á fi di ẹ̀rín.

Amos Tutùọlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1920, fi owó kún un. Nínú The Palm-Wine Drinkard (1952), ọ̀mùtí kan ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ. Lẹ́nu ọ̀nà igi funfun kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní £70 18s 6d, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni, èlé £3 10s lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, àmọ́ ẹni tó ra ikú kò dá a padà. Wọn ò lè kú mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará òkè òkun gbà dé ìdí irú àwàdà yìí. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Eré orí tábìlì ni, níbi tí ẹnì kan ti jẹ́ jagunjagun, tí èkejì jẹ́ oṣó, tí ẹ̀kẹta jẹ́ olè, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Ultima àti Wizardry dé ní 1981, kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ẹ̀mí, owó àti agbára akọni. Àwọn òfin wọ̀nyí ni aláwàdà fi ń ṣeré: akọni wọ ilé onílé, ó kó owó inú àpótí, onílé sì kí i káàbọ̀ bí ẹni pé kò rí i. Terry Pratchett gba ọ̀nà tó jọ ọ́ nínú The Colour of Magic (1983). Oṣó tí idán kò jẹ́ fún ni Rincewind, eré sísá ló mọ̀ jù.

Ibi tí ẹ̀rín ti ń wá kò yàtọ̀ nínú gbogbo wọn: ayé ìtàn ní òfin, òǹkọ̀wé sì tẹ̀ lé òfin náà délẹ̀délẹ̀. Ikú tí wọ́n bá ti tà, wọ́n ti tà á nìyẹn. Áfíríkà náà ti ń ṣe irú eré kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀: ní 2016, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, Kamẹrúùnù, gbé Aurion jáde, eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé ka àṣà Áfíríkà. Nínú rẹ̀, tọkọtaya ló jọ ń rìn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣe: ọba ni Enzo, wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti Erine aya rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbà á padà.