Ohun Tó Ń Pinnu Ibi Tí Kelp Ń Hù Létíkun Kalifóníà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí kelp fi ń hù níbì kan létíkun Kalifóníà, tí kò sì hù níbòmíràn, yóò bá oríṣiríṣi ìdáhùn pàdé. Ìwé kan ní ooru omi ni, òmíràn ní omi ìdọ̀tí ìlú ni, ẹ̀kẹta ní òòrẹ̀ òkun, ẹran òkun kékeré ẹlẹ́gùn-ún, ló jẹ ẹ́ tán. Mo kó wọn jọ síbí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ta kora wọn rárá. Etíkun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń sọ.

Kelp jẹ́ ewé òkun aláwọ̀ rúsúrúsú tó ń ga bí igi. Kò ní gbòǹgbò. Nǹkan bí ìka tó lọ́ mọ́ra wọn ló fi ń di àpáta mú, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ oníyanrìn kì í fi í sábà gbà á. Àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kún ló ń gbé ewé rẹ̀ sókè síbi tí oòrùn wà. Bí omi bá mọ́, èyí tó tóbi jù nínú àwọn irú kelp, Macrocystis, a máa hù níbi tó jìn tó mítà 6 títí dé nǹkan bí 30, ó sì lè fi 60 sẹ̀ǹtímítà ga sí i lóòjọ́. Náítíréètì inú omi ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ a máa ti omi ojú òkun kúrò létíkun, omi tútù ìsàlẹ̀ a sì ru sókè tòun ti oúnjẹ yìí. Ní gúúsù Kalifóníà, bí omi bá gbóná kọjá nǹkan bí 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, náítíréètì inú rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Omi tútù bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kí kelp wà ní Nàmíbíà àti South Africa. Èyí tí òkun ń gbá wá sí etíkun Èkó lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, sargassum ni, kì í ṣe kelp.

Àwọn Chumash, ọmọ onílẹ̀ etíkun Kalifóníà, ti ń pẹja láàárín kelp tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé.

Ṣùgbọ́n ọdún 1911 ni àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbára lé nípa kelp Kalifóníà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Jámánì ni Amẹ́ríkà ti ń ra pótáṣì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, ìjọba sì fẹ́ mọ̀ bóyá kelp lè rọ́pò rẹ̀. W. C. Crandall àti àwọn mìíràn bá ya àwòrán ibi tí kelp wà. Nígbà tí ogun 1914 dí ọ̀nà pótáṣì, òwò gbòde. Ní 1916, Hercules Powder Company kọ́ ilé iṣẹ́ sí Chula Vista: ọkọ̀ ojú omi ń gé orí kelp, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú àgbá ńláńlá títí yóò fi kan, wọ́n sì ń yọ ásítóònù tí Bìrìtìkó fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn nínú rẹ̀. Ogun parí, òwò náà tú ká, àwòrán ló ṣẹ́ kù. Àwọn kan ti ṣiyèméjì sí bí Crandall ṣe wọn ilẹ̀ kelp. Ní tèmi, mo gba ibi tó fi wọ́n sí gbọ́. N kò ní fi bí ó ṣe sọ pé wọ́n fẹ̀ tó jiyàn, torí ìgbì àti ooru ń yí i padà lọ́dọọdún.

Awuyewuye tó gbóná jù ni ti Palos Verdes, lẹ́bàá Los Angeles. Láti àwọn ọdún 1940 ni kelp ibẹ̀ ti ń dín kù. Nígbà tí El Niño, ìgbà tí omi òkun ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti 1957 sí 1959 fi kọjá, díẹ̀ ló kù. Wheeler North, onímọ̀ nípa ohun alààyè inú òkun, tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní 1956, mòòkùn lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó rí i pé lẹ́yìn tí òòrẹ̀ òkun bá ti jẹ kelp tán, òòrẹ̀ òkun náà kì í kú, kì í sì í lọ. Ní 1970, òun àti John Pearse kọ ọ́ pé omi ìdọ̀tí tí ìlú ń tú sókun wà lára ohun tó ń bọ́ wọn. Àwọn ènìyàn North da ẹfun sísun lé wọn lórí, wọ́n sì fi òòlù fọ́ òmíràn. Nígbà tí ìlú tún omi ìdọ̀tí rẹ̀ ṣe dáadáa sí i, kelp padà wá ní àwọn ọdún 1970. Ìdájọ́ mi ni pé omi ìdọ̀tí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ooru ló parí rẹ̀, òòrẹ̀ òkun ni kò jẹ́ kó tètè padà.

Ti otter, ẹranko òkun tó ń jẹ òòrẹ̀ òkun, kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ní 1974, James Estes àti John Palmisano fi àpẹẹrẹ àwọn erékùṣù Alaska hàn: ibi tí otter ti ń jẹ òòrẹ̀ òkun, kelp pọ̀, ibi tí kò sí, àpáta ṣófo. Òtítọ́ ni níbẹ̀. Ní gúúsù Kalifóníà, ẹja àti edé ńlá náà ń jẹ òòrẹ̀ òkun, ìgbì sì ń fa kelp tu ju bí òòrẹ̀ òkun ṣe ń jẹ ẹ́ lọ lọ́dún mìíràn.

Ní àríwá Kalifóníà, láti 2013 ni àrùn ti ń pa ẹja ìràwọ̀ tó ń jẹ òòrẹ̀ òkun. Omi gbóná láti 2014 sí 2016. Nítorí méjèèjì, ó ju ìdá 90 nínú 100 kelp ibẹ̀ tó lọ. Ìjọba ti pípa abalone, ìgbín òkun tó ń jẹ kelp, pa níbẹ̀ ní 2018. Ní 2025 ni wọ́n tó kéde pé bakitéríà Vibrio pectenicida ló fa àrùn náà.

Ẹni tó bá tún máa kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ etíkun, bí omi ṣe jìn tó, àti ọdún, kí ẹ tó dárúkọ ohun tó pa kelp.