Ìtàn Ìró Tí Ó Yí Ènìyàn Ká, àti Bí A Ti Ń Fi Yan Sípíkà Sínú Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí a bá fi ojú ọ̀rọ̀ yìí wo àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé ìró jáde nínú ilé lónìí, a ó rí i pé sípíkà púpọ̀ pẹ̀lú kò kún etí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ wa kan ra sípíkà méje àti wúfà ńlá kan sínú pálọ̀ rẹ̀, kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ lè máa wo fíìmù bí ẹni tí ó jókòó sí ilé sinimá. Owó tí ó ná sí i kì í ṣe kékeré. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, àrá sán, ẹṣin sáré gba ẹ̀yìn wa kọjá, ògiri mì tìtì, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ wa, tí a fi sí àárín gbùngbùn nítorí ọ̀wọ̀ rẹ̀, yí ojú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni ọkùnrin yẹn wí?” Ọmọ náà sọ ọ́ fún un. Kò pẹ́ tí ó tún béèrè. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá dìde, ó ní kí a má bínú, oorun ń kùn òun. A mọ̀ pé kì í ṣe oorun.

Kí ni ó fa èyí? Sípíkà kò wọ́n nínú ilé náà. Ohun tí ó wọ́n níbẹ̀ ni ìmọ̀ iṣẹ́ tí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Bí a bá sì fẹ́ ní ìmọ̀ yìí, kò sí olùkọ́ tí ó dára ju ìtàn lọ, nítorí pé kò sí sípíkà kan nínú ilé òde òní tí kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ẹnìkan ti kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé, báwo ni ohùn ṣe lè rìn nínú etí ẹni tí kò rí ẹni tí ń kọrin? Ìlú Paris ni a ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn rẹ̀, ní ọdún 1881. Ní ìpàtẹ ńlá tí a ṣe níbẹ̀ nípa iná mànàmáná, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Clément Ader to àwọn ẹ̀rọ tẹlifóònù tí ń gba ohùn sí iwájú ìtàgé ilé orin ńlá tí wọ́n ń pè ní Opéra, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìpàtẹ náà. Olùgbọ́ a gbé ohun èlò méjì sí etí, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ẹnu ya àwọn ènìyàn, nítorí pé bí akọrin ti ń rìn láti apá kan ìtàgé lọ sí apá kejì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn rẹ̀ ń rìn nínú etí wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìró tí ó bá ti ọ̀tún wá a tètè dé etí ọ̀tún ju ti òsì lọ, a sì máa lágbára níbẹ̀ díẹ̀ ju ti apá kejì lọ. Nínú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ọpọlọ ti ń mọ ibi tí ìró ti wá.

Àádọ́ta ọdún kọjá kí ẹlòmíràn tó mú ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ sinimá. Alan Blumlein ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ EMI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé òun àti aya rẹ̀ jọ lọ wo sinimá ní ọdún 1931, inú rẹ̀ kò sì dùn láti rí i pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wà ní apá kan aṣọ sinimá, nígbà tí ohùn rẹ̀ ń ti ibòmíràn wá, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ìró ti ń jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an ni ó kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1935 ó ya àwọn fíìmù kékeré kan tí ohùn ti ń tẹ̀lé ẹni tí ń rìn. Kò pẹ́ láyé tó láti jẹ èso iṣẹ́ rẹ̀: ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1942, nígbà ogun, ọkọ̀ òfuurufú tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń dán ẹ̀rọ rédà wò já lulẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún 38.

Láàárín ìgbà náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ti béèrè ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ sípíkà méjì tó? Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1933, Harvey Fletcher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell mú kí ẹgbẹ́ olórin Philadelphia máa ṣeré ní ìlú wọn, kí àwọn ènìyàn sì máa gbọ́ wọn ní gbọ̀ngàn Constitution Hall ní Washington. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi rán ìró náà: òsì, àárín àti ọ̀tún. Kí ni ti àárín sí i? Bí sípíkà bá jẹ́ méjì péré, ẹni tí ó jókòó sí àárín gan-an nìkan ni yóò gbọ́ ohùn ní àárín. Ẹni tí ó sún mọ́ ọ̀tún yóò rò pé ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Helmut Haas, tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì, tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ ní ọdún 1949: ìró tí ó bá kọ́kọ́ dé ni etí ń gbàgbọ́, bí èkejì tilẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà sípíkà àárín kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ó so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu ẹni tí ń sọ ọ́, fún gbogbo àwọn tí ó jókòó nínú yàrá.

Ìbéèrè kẹta ni ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí Walt Disney gbé fíìmù Fantasia jáde ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, ó lo ètò kan tí a pè ní Fantasound, tí ó lè mú orin yí àwọn òǹwòran ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà wọ́n, ó sì wúwo, ogun sì dé. Ilé sinimá díẹ̀ ni ó gbọ́ ọ. Ní ọdún 1953, fíìmù The Robe mú ọ̀nà ìró mẹ́rin wá: mẹ́ta níwájú, ọ̀kan ṣoṣo fún àyíká àwọn òǹwòran. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti pín in. Iwájú, níbi tí ọ̀rọ̀ wà, ni wọ́n fún ní púpọ̀.

Àwọn tí ó gbàgbé ìpín yìí kábàámọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ètò sípíkà mẹ́rin fún ilé, ọ̀kan sí igun kọ̀ọ̀kan yàrá, láìsí ti àárín. CBS ní ètò tirẹ̀, Sansui ní tirẹ̀, JVC ní tirẹ̀, ètò wọn kò sì bá ara wọn mu. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, ọjà náà ti kú, ẹrù sì kún ilé àwọn tí ó rà á. Igun yàrá ni wọ́n kà, wọn kò ka etí.

Ẹni tí ó tún ọ̀nà náà ṣe ni Ray Dolby, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní ọdún 1965. Ètò rẹ̀ di olókìkí nínú fíìmù Star Wars ní ọdún 1977. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú Apocalypse Now, Walter Murch pín ìró ẹ̀yìn sí ọ̀tún àti òsì, àwọn ọkọ̀ hẹlikópítà sì fò yí àwọn òǹwòran ká. Ètò Dolby wọ inú ilé ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n ọdún 1987 ni èyí tí a pè ní Pro Logic tó fún ilé ní sípíkà àárín gidi. Batman Returns ti ọdún 1992 ni ó mú ọ̀nà mẹ́fà Dolby ti òde òní wá sí sinimá: márùn-ún, àti ọ̀kan fún ìró ìsàlẹ̀ nìkan, èyí tí a ń kọ ní 5.1. Àwo DVD, tí ó jáde ní Japan ní ọdún 1996, sì gbé e wọ ilé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: láti ọdún 2012 ni ètò Atmos ti ń mú ìró sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà pàápàá.

Wàyí o, kí ni ìtàn yìí kọ́ ẹni tí ó mú owó lọ sí ọjà? Ó kọ́ wa pé ibi tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ yan sípíkà àárín tí ó dára, kí ti òsì àti ti ọ̀tún sì jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ohùn má baà yí padà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti ń rìn kọjá. Kí a kọjú àárín sí etí àwọn tí ó jókòó, kì í ṣe sí orúnkún wọn. ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ọ̀ràn ìbánisọ̀rọ̀, ti fi àyè ìyókù lélẹ̀: kí òsì àti ọ̀tún jìnnà sí àárín ní ìwọ̀n dígírì 30, kí méjì ti àyíká sì wà láàárín dígírì 100 àti 120, èyí ni pé díẹ̀ sẹ́yìn èjìká, kì í ṣe ẹ̀yìn orí gan-an. Ní ti wúfà, ìró tí kò gbọ̀n ju ìgbà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn ju mítà mẹ́rin lọ, ó sì ṣòro fún etí láti mọ ibi tí ó ti wá. Ọ̀kan tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Bí ó bá ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí a dín in kù.

Kí a sì ṣọ́ra fún ojú wa. Ní ọdún 1994, Floyd Toole àti Sean Olive tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde, nínú èyí tí àwọn ènìyàn kan náà gbọ́ sípíkà kan náà, nígbà kan láìrí wọn, nígbà mìíràn ní rírí wọn. Nígbà tí wọ́n rí ìtóbi wọn àti orúkọ tí ó wà lára wọn, ìdájọ́ wọn yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìró kò yí padà. Ẹni tí yóò bá ra sípíkà, kí ó di ojú rẹ̀, kí ó sì ní kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn dán an wò kí a tó fi àrá dán an wò.

Nígbà tí a padà yẹ ilé ọ̀rẹ́ wa wò, a rí i pé sípíkà àárín rẹ̀ kéré, kò bá àwọn yòókù mu, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni a sì tì í sí. Ó tà méjì nínú àwọn ti ẹ̀yìn, ó fi owó wọn ra ti àárín tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ mu, a gbé e sí ìta gbangba, a sì dín wúfà kù. Ìró ilé náà kò tún mi ògiri mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a pe ìyá kí ó wá jókòó. Ẹnìkan nínú fíìmù náà dá àpárá, ìyá sì bú sẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rẹ́rìn-ín. Kò béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ títí fíìmù fi parí.