Ẹ̀rọ Dé Ṣáájú Olùkọ́

Àwa tí a máa ń wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Òkukù mọ ojú irin àtijọ́ yẹn dáadáa. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì wọ Ìlọrin ní 1908. Ọkọ̀ ojú irin yìí ni ẹ̀rọ ńlá àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ baba ńlá wa fojú rí. Ṣùgbọ́n ta ló ń tún un ṣe? Ẹ̀búté Mẹ́ta ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà. Ọmọ Ìkìrun tó bá fẹ́ mọ inú ẹ̀rọ, àfi kó bá ọkọ̀ lọ sí Èkó.

Nílé, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́: alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, lẹ́yìn náà káfíńtà àti télọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á máa wo ọwọ́ ọ̀gá títí dọjọ́ tí yóò ṣe fíríìdọ̀mù. Ohun kan wà nínú ètò yìí tí àwa ọmọ ìwé kì í sábà rò: ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Bí ọ̀nà tuntun bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ, nítorí oníbàárà kò ní dúró dè é.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń wá ni kí ọmọ wọn di akọ̀wé. Ta ni kò fẹ́ aṣọ funfun?

Ọdún 1982 ni ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú àtiyí i padà. Ètò 6-3-3-4 ní kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kọ́ iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ iná. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, pàápàá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ẹ̀rọ náà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, inú àpótí pákó tó bá dé ló wà títí ìpáǹtí fi bò ó. Iná kò sí, yàrá iṣẹ́ kò sí, olùkọ́ tí wọ́n ní kó fi kọ́ ọmọ kò sì fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Báwo ni yóò ṣe tú u?

Ohun tó dùn wá jù ni pé láàárín ìgbà yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ dé sí tòsí wa. Wọ́n dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ HMT ti Íńdíà, kí ó lè máa ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo náà dé, èyí tí wọ́n kọ́ kó lè máa ṣe 210,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, kí àìrí irin tútù láti Ajàókúta àti Aladja tó dá a dúró. Láti Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù, èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ lóòjọ́. Olùkọ́ mélòó ni wọ́n fún láyè láti lo oṣù mẹ́ta péré níbẹ̀?

Ètò SIWES, tí ITF bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́. (Ẹ má bi wá iye wa tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ inú ìwé nìkan la lọ gbà.) Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, olùkọ́ kò sí níbẹ̀. NABTEB náà dé ní 1992, ó gba ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́ lọ́wọ́ City and Guilds ti Lọ́ńdọ̀nù àti WAEC. Ìbéèrè ìdánwò ti wá di tiwa, àmọ́ yàrá iṣẹ́ ṣì wà bó ṣe wà.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Mẹkáníìkì ẹ̀bá títì ti fowó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú rẹ̀, torí ebi kò jẹ́ kó dúró. Ètò NSQ tí NBTE ń bójú tó lè fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí lórí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, bí kò tilẹ̀ ka ìwé púpọ̀. Ó kù kí ilé-ẹ̀kọ́ pè é wọlé, kí olùkọ́ náà sì lọ dúró tì í ní ṣọ́ọ̀bù nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn.