Àwọn Ilé Ẹ̀rọ Tánganran ní Cornwall: Ta Ló Ni Ògo Wọn?

Láti ìgbà tí ibi ìwakùsà Geevor ti kógbá sílé ní 1990, tí South Crofty sì tẹ̀lé e ní 1998, ni àwọn àgbà tó fi ọwọ́ ara wọn wa tánganran ní Cornwall, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń dín kù. Ilé ẹ̀rọ olókùúta tó dúró létí òkun ni yóò ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ kí á kọ ìtàn wọn sílẹ̀, kí ògo ẹni má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Omi ni ọ̀tá awakùsà. Thomas Newcomen, ará Dartmouth ní Devon, ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ olóoru tó ṣeé gbára lé láti fa omi kúrò nínú ihò kùsà, ní 1712. Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Watt ará Scotland gbé tirẹ̀ dé, èyí tí kì í jẹ èédú púpọ̀. Cornwall kò ní èédú. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti Wales, nítorí náà tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gba ẹ̀rọ Watt. Ṣùgbọ́n Watt àti Matthew Boulton ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó èédú tí ẹ̀rọ náà bá dín kù, bí ìṣákọ́lẹ̀, ilé aṣòfin sì sún àṣẹ wọn, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ọgbọ́n Watt, dé 1800.

Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Jonathan Hornblower gba àṣẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1781. Edward Bull náà ṣe tirẹ̀. Watt àti Boulton pe Bull lẹ́jọ́ ní 1793, wọ́n tún pe Jabez, ọmọ ìyá Hornblower, wọ́n sì jàre ní 1799. A kò bu Watt kù, ọpọlọ rẹ̀ pé. Òdodo ibẹ̀ ni pé àṣẹ rẹ̀ so àwọn ọmọ Cornwall lọ́wọ́. Richard Trevithick, tí wọ́n bí nítòsí Camborne ní 1771, ni akọni tó tú ìdè náà. Ó há ooru omi mọ́nú irin títí agbára rẹ̀ fi kọjá ohun tí Watt lè fọwọ́ sí. Ó wa ọkọ̀ olóoru lójú títì Camborne ní 1801. Ní 1812 ó gbé ẹ̀rọ Cornwall kalẹ̀ ní ibi ìwakùsà Wheal Prosper. Tálákà ló kú ní 1833. Arthur Woolf, Samuel Grose, William West àti Michael Loam pẹ̀lú di ọ̀gá iṣẹ́ náà.

Ara ẹ̀rọ ni ilé náà fúnra rẹ̀. Ògiri kan, tó nípọn ju àwọn yòókù lọ, ló gbé ọ̀pá irin ràgàjì tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilé, tí ìdajì rẹ̀ yọ sórí ihò. Nígbà tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró, wọ́n tú irin tà; òkúta akọ kò yẹsẹ̀. Ní ibi ìwakùsà Levant, tí ihò rẹ̀ wọ abẹ́ òkun ju máìlì kan lọ, ẹ̀rọ tó ń gbé àwọn awakùsà gòkè sọ̀kalẹ̀ fọ́ ní 20 oṣù Kẹwàá 1919, ọkùnrin 31 sì kú. Levant kógbá sílé ní 1930. Àwọn olùfẹ́ ìtàn kó ara wọn jọ ní 1935, wọ́n gba ẹ̀rọ olóoru Levant, tí wọ́n rọ ní Hayle ní 1840, lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fọ́ ọ tà. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti jí i dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

UNESCO kọ agbègbè wọ̀nyí sínú ogún àgbáyé ní 2006. Ẹjọ́ 1799 ti tán nílé ẹjọ́, kò tíì tán nínú ìtàn. Kí àwọn tó ń mú ọmọ iléèwé rìn yí ilé wọ̀nyí ká máa ka Hornblower, Bull àti Trevithick fún wọn ṣáájú Watt, nítorí àwọn ló jìyà iṣẹ́ náà.