Odò Tó Ń Bojú Wẹ̀yìn: Ìtàn Ìṣirò Omi Inú Tọ́báìnì

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bi ara wọn pé kí ló kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Òwe ló gbé mi débẹ̀. Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nínú tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ tí omi, oru tàbí gáàsì gbígbóná ń yí kí iná mànàmáná tó wá, omi a máa bojú wẹ̀yìn. Bí ó ti ń gba àárín àwọn abẹ̀bẹ̀ irin kọjá, apá kan rẹ̀ lè já kúrò lára irin, kó máa pòyì bí ààjà, kó sì padà síbi tó ti wá. Agbára tó yẹ kó yí ẹ̀rọ a sì ṣòfò. Ìtàn àwọn tó fẹ́ fi òǹkà mọ ìrìn omi yìí kí wọ́n tó rọ irin ni mo fẹ́ sọ.

Navier ará Faransé ní 1822, àti Stokes ní 1845, ni wọ́n fi ìlànà ìṣirò lélẹ̀ fún ohunkóhun tó ń ṣàn. Ìlànà náà kò gùn, ṣùgbọ́n ojútùú rẹ̀ ṣòro púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìṣàn sí wẹ́wẹ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ oko ní ebè, kí wọ́n lè ṣírò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́ ni Lewis Fry Richardson, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀nà yìí ṣírò. Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti ń fi ọkọ̀ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fi ọwọ́ ṣírò ojú ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1910. Òǹkà rẹ̀ ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò fi 145 mílíbà yí padà láàárín wákàtí 6. Lóòótọ́, díẹ̀ ló fi yí padà. Richardson kò fi àṣìṣe yìí pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1922. Nínú ìwé kan náà ló ti ro gbọ̀ngàn kan tí ènìyàn 64,000 yóò ti máa ṣírò pọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Orúkọ ènìyàn ni kó tó di orúkọ ẹ̀rọ.

Wu Chung-Hua, ọmọ Ṣáínà tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló mú ọgbọ́n yìí wọ inú tọ́báìnì ní 1952. Ó gé ìṣàn sí pẹlẹbẹ oríṣi méjì: ọ̀kan nà láti abẹ̀bẹ̀ kan dé ìkejì rẹ̀, èkejì nà láti ìdí abẹ̀bẹ̀ dé orí rẹ̀. A ó ṣírò ọ̀kan, a ó fi èsì rẹ̀ tún èkejì ṣe, títí ohùn àwọn méjèèjì yóò fi ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n Wu sọ ọ́ kedere pé omi tí kò ní ìkì, tí kì í lẹ̀ mọ́ irin, ni òun ṣírò. Ìkì yìí gan-an ló sì ń mú omi bojú wẹ̀yìn.

Ní 1974, Launder àti Spalding ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, gbé ọ̀nà kan jáde láti díwọ̀n ìpòyì omi. Iye 5 kan wà nínú rẹ̀ tí a kò rí láti inú ìlànà Navier. Àyẹ̀wò lórí omi àti afẹ́fẹ́ gidi ni a ti mú wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Òwe gé ayé kúrú. Ìṣirò náà gé e kúrú. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, bí ẹni tó gé e bá sọ ohun tó gé sọnù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé òǹkà kọ̀ǹpútà wá síwájú yín pé ẹ̀rọ kan yóò ṣiṣẹ́, ẹ bi í ní ohun tó yọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ó ti bá omi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.