Ohùn Ṣáájú Ilé: Iṣẹ́ Tó Yẹ Ẹgbẹ́ Ìtàn Ìlú ní Gúúsù Èkìtì

Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá ti pinnu pé àwọn fẹ́ tọ́jú ìtàn àti àṣà ìlú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ọkàn wọn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Wọn á wá ilẹ̀, wọn á dáwó, wọn á pe kábíyèsí wá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Èrò tèmi ni pé fún ìlú bí Aisegba ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbọ́nyìn, tàbí àwọn abúlé tó yí Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ká, ilé kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohùn ni: oríkì àti ìtàn agboolé kọ̀ọ̀kan, kí a gbà á sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì wà láyé.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó di agbẹ́gilére fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì ń bọ̀ wá kí i, àwọn ènìyàn ló gbé e. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, London. British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà, wọ́n ṣe àga ọba fún un ní ìlú òyìnbó, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà ti wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1988, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, John Pemberton, gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Olójú-ifún, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Igi ti dé London, ó ti dé Chicago. Ọ̀rọ̀ ṣì wà nílé.

Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara ni òdìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945, ère òkúta ibẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀rún. Ilé wà, ère wà. Ta ló gbẹ́ wọn? Ìtàn àwọn ará ìlú fúnra wọn ni pé àwọn bá àwọn ère náà níbẹ̀ ni, pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Òrùlé gba ère lọ́wọ́ òjò, ṣùgbọ́n orúkọ ti bọ́ sọnù kí òrùlé tó dé.

Àwọn kan á ní ìtàn ẹnu kì í ṣe ohun à ń gbára lé, pé oníkálukú ń sọ ọ́ síbi tí yóò ṣe é láǹfààní. Òótọ́ ni. Ní Ìkẹ́rẹ́ kan náà, ohun tí ará ilé Ògògà ń sọ nípa ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó kò bá ti ará ilé Olúkẹ́rẹ́, oyè àtijọ́ mìíràn nínú ìlú náà, mu. Ṣùgbọ́n ìwé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú èyí. I. B. Akínyẹlé tó tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, tó sì wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán sílẹ̀ ní 1914 láti máa wá ìtàn ìlú náà, ló wá jọba Olúbàdàn ní 1955. N kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. À bá tòṣì jù báyìí lọ bí kò bá kọ ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé òǹkọ̀wé ìtàn ìlú kì í sábà jẹ́ àlejò nínú ọ̀ràn náà. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ pa ìtàn márùn-ún pọ̀ di ẹyọ kan, kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ayẹyẹ ọjọ́ ìlú. Kí wọ́n kọ márààrún sílẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́, agboolé rẹ̀, agboolé ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí i. Kí wọ́n má sì tún èdè rẹ̀ ṣe: bí ẹni náà bá pe ilé ní ulé, kí ó jẹ́ ulé.

Àtakò kejì ṣòro díẹ̀ sí i: ohùn náà ń sọnù, fóònù ń bàjẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kó lọ sí Èkó. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà kò fi gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà wà ní Ìkẹ́rẹ́, ilé ìkàwé rẹ̀ sún mọ́ Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ju Èkó lọ, ìnáwó ẹ̀dà kan kò sì tó ti bíríkì ọjọ́ kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ bá. Ìjòyè àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kún ìgbìmọ̀ ìtàn, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ló mú oríkì Ọlọ́wẹ̀ dé 1988. Lórí òpó tó wà ní Chicago, ọba jókòó. Ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ.