Jaja ti Opobo: Ẹrú Tí Ó Di Ọba

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ka Le Rouge et le Noir, ìwé ìtàn àròsọ tí Stendhal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1830. Julien Sorel inú rẹ̀, ọmọ ẹni tí ń la gẹdú, ń lépa ipò ọlọ́lá. Ikú ni ó já sí. Ìgbà tí iṣẹ́ ọba gbé mi wá sí Rivers, tí mo sì fi Alesa ṣe ilé, ni mo rí i pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí.

Ní nǹkan bí 1821 ni wọ́n bí Jaja ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n tà á lẹ́rú sí Bonny. Níbẹ̀, ẹrú tí ó mọ òwò epo pupa lè di olórí ilé. Ní 1863, Jaja di olórí ilé Anna Pepple. Ṣùgbọ́n ìdílé ọba ni ó ni adé Bonny. Nígbà tí ogun dé ní 1869, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, ó sì tẹ Opobo dó ní 1870. Ní 1873, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ọba ni.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Jaja kò jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ọjà epo. Ní 1887, kọ́ńsù Harry Johnston pè é sínú ọkọ̀ ogun, ó ṣèlérí pé yóò padà ní àlàáfíà. Accra ni wọ́n gbé e lọ fún ẹjọ́, wọ́n sì lé e lọ sí West Indies. Ó kú ní Tenerife ní 1891, bí ó ti ń bọ̀ wálé.

Ọdún yẹn náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tiwa kú, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Kí ó tó kú, àwọn òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kéré sí tirẹ̀ ti gba àṣẹ iṣẹ́ Niger lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ọgbọ́n gbé àwọn méjèèjì ga, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni àkàbà lè fà á yọ. Èmi náà gun àkàbà iṣẹ́ ọba; ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi. Bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n kàwé kí wọ́n lè ga, ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n ní ohun tí a lè pè ní tiwọn. Wọ́n gbé Jaja lọ. Opobo tí ó tẹ̀ dó ṣì wà títí di òní.